Rọ́kẹ́ẹ̀tì Tí Mo Fi Ìdọ̀bálẹ̀ Rán Lọ Sókè

Bí òṣùpá bá lé, tó sì mọ́lẹ̀ rekete, ẹ tẹjú mọ́ apá ọ̀tún rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí ibì kan tó dúdú níbẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé bá fi ọwọ́ èédú nu ara ògiri. Èmi ni mo ṣe òṣùpá lọ́gbẹ́ níbẹ̀ yẹn. Enugu ni mo wà tí mo ti ṣe é, lọ́sàn-án gangan, mo sì dojú bolẹ̀ nígbà tí mò ń ṣe é lọ́wọ́. N kò tilẹ̀ wòkè. Àwọn òyìnbó kan ní àwọn ti ṣáájú mi débẹ̀. N kò bá wọn jà. Wọ́n rìn níbẹ̀, wọ́n ṣa òkúta, wọ́n padà sílé. Ta ni nínú wọn tó fi àpá sí i lára?

Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀.

Wẹ́dà ni mí. Mo ka ìwé mẹ́fà tán, mo sì wọ Mọ́dà, ilé ìwé tó tẹ̀lé e láyé ìgbà náà. Èmi àti Mọ́dà wo ara wa lójú fún ìgbà díẹ̀, a rí i pé a ò lè bára gbé, a sì pínyà láìsí ìjà. Mo kọ́ iṣẹ́ irin jíjó ní Ìkìrun, ìlú mi. Nígbà tó yá, lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé ti parí tó sì ti pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ pé gbogbo ẹnu ọ̀nà ní Enugu ló ń wá ilẹ̀kùn onírin. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò gba àlàyé. Mo wọ ọkọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ gbá mi létí. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé èyí tí mo dé, ní Awkunanaw tí mo gba yàrá sí, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń kígbe lójú títì, "Ọkpa di ọkụ!" ìyẹn ni pé ọkpa gbóná. Mo yọjú. Mo rí nǹkan kan tí wọ́n dì, ó pọ́n, ó ń rú èéfín. Mo ní, "Olúwa ò gbàgbé mi, mọ́ínmọ́ín rèé." Mo rà á, mo jẹ ẹ́ kíákíá bí ẹni tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Kò pẹ́ tó fi jókòó sínú mi bí onílé. Ebi ò gba àdúgbò mi kọjá títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá ń jó irin láti òwúrọ̀, tí kò sì fẹ́ kí ikùn máa dá sí ọ̀rọ̀ òun, ọkpa ni kó jẹ.

Ìkíni ló tẹ̀lé e. Nílé wa, bí o bá rí àgbà, ilẹ̀ ni. Onílé mi jẹ́ bàbá arúgbó kan tí irun rẹ̀ funfun bí òwú. Mo nà gbalaja síwájú rẹ̀ láti kí i. Bàbá fò sẹ́yìn, ó ké sí ìyàwó rẹ̀, "Mama Ngozi! Come quick! This man don faint!" Kí n tó la ẹnu, obìnrin náà ti da odindi garawa omi lé mi lórí. Mo dìde, omi ń ro lára mi, mo ní, "Papa, I dey greet you." Bàbá wò mí títí, ó na ọwọ́ sí mi. "My son, next time, use this one. This one no need water."

*

Mo gba àyè kékeré ní ọjà Artisan, láàárín obìnrin tó ń ta àbáchà, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, àti ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Ibẹ̀ ni Dókítà Chukwuma ti wá bá mi. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o. Dókítà ìwé ni, olùkọ́ ní yunifásítì kan nínú ìlú náà, ọ̀dọ́kùnrin tí irùngbọ̀n ti gba ojú rẹ̀ tán.

Ó bi mí pé, "Ṣé o lè jó irin tí iná ńlá máa gba inú rẹ̀ kọjá, tí ojú ibi tó o jó ò ní ṣí?" Òyìnbó ló ń sọ o, èmi ni mò ń tú u fún yín.

Mo ní, "Sà, mo ti jó páìpù èéfín lọ́rì tó ń kó èédú. Ṣé nǹkan tiyín pariwo ju ìyẹn lọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Díẹ̀ báyìí."

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ òfúrufú nìyẹn. Yunifásítì Dókítà àti yunifásítì kan nílẹ̀ òyìnbó ló jọ tọwọ́ bọ ìwádìí kan. Wọ́n fẹ́ ṣe ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ní wọ́n jù, kí wọ́n lè fi kọ́ bí a ṣe ń gbé ẹrù kọjá ibi tí afẹ́fẹ́ parí sí. Àwọn tọ̀hún ń ṣírò, àwa ń jó irin. Bí wọ́n bá ní kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ sí i, a ó fẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá tún ní kó há, a ó bú wọn díẹ̀, lẹ́yìn náà a ó fún un pọ̀. Òjò àti òtútù kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè dán nǹkan wò níta lọ́dọ̀ wọn. Àwa ní oòrùn, a ní pápá, a sì ní èmi.

Okoro ni èkejì mi níbi iṣẹ́. Òun ló ń gé irin lórí ẹ̀rọ, òun ló sì máa ń tẹ bọ́tìnnì tí a bá fẹ́ ṣáná sí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ófe Mmánụ ló ń pè mí, ìyẹn ọbẹ̀ tó kún fún epo, nítorí ó ní àwa Yorùbá ò mọ ìgbà tó yẹ ká gbé ìgò epo sílẹ̀. Láràárọ̀ tí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún Dókítà, Okoro á tẹ ẹ̀yìn, á máa wo abẹ́ mi.

"Ófe Mmánụ, wetin you lose for ground? Every morning you dey find am."

"Ìwà tí ìwọ ò ní ni mò ń wá."

"You don see am?"

"Mo ti rí i. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́."

Nígbà tó pẹ́, mo jáwọ́ nínú ìdọ̀bálẹ̀. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ ọwọ́. Mo tilẹ̀ kọ́ èyí tí àwọn olóyè ń ṣe, tí wọ́n máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara wọn kí wọ́n tó bọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi èdè wọn ná irin lọ́jà, tí olùtajà náà pè mí ní nwanne, ọmọ ìyá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un ní iye tó kọ́kọ́ pè.

*

Àdúgbò Uwani ni Ìyá Reluwé ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ti ṣe akọ̀wé ní reluwé kó tó kú, ọmọ Ìjẹ̀bú sì ni ìyá náà. Ó ti pẹ́ ní Enugu tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣòwò ọjà fi ń bi í léèrè ọ̀nà. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, ilé rẹ̀ ni mo ti ń sọ Yorùbá tó tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Bí mo bá pa òwe fún wọn, wọ́n á ní, "Uncle, abeg, talk am for English."

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, mo wọlé, mo ṣèèṣì na ọwọ́ sí Ìyá Reluwé. Ìyá wo ọwọ́ náà bí ẹni wo ejò.

"Kí ni o ní kí n fi í ṣe?"

"Ẹ má bínú, Mà."

"Rárá, mo ń béèrè ni. Ṣé kí n fọ̀ ọ́ fún ọ ni? Àbí èmi pẹ̀lú rẹ jọ wọ Mọ́dà?"

Mo dọ̀bálẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ìrẹsì tó bù fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹran kan ò sí lórí rẹ̀.

Mo ronú sí i bí mo ṣe ń lọ sílé. Ní Enugu, bí mo bá nà sílẹ̀, wọ́n á bu omi lù mí. Níwájú Ìyá Reluwé, bí mo bá na ọwọ́, mi ò ní jẹ ẹran. Ara kan ṣoṣo ni mo ní. Àwọn kan fẹ́ kó dúró, àwọn kan fẹ́ kó wólẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ìlú onílùú, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í mọ èyí tó yẹ kóun ṣe, bóyá kóun nà ni àbí kóun tẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rántí pé n kò bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo kí ara mi pé, "O kú ilé o." Mo sì dá ara mi lóhùn.

*

Nílé ìfìwéránṣẹ́ ni tẹlifóònù wà ní Ìkìrun. Bí oṣù bá parí, ìyá mi á wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, á lọ jókòó dè mí níbẹ̀. Èmi náà á lọ tò sílé tẹlifóònù ní Enugu, títí wọ́n á fi ní kí n wọ inú àpótí, kí n sì máa pariwo.

Ìyá mi á ní, "Ṣé ó ti fò?"

Ọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń béèrè lọ́wọ́ mi. A ti dán méjì wò ṣáájú. Èyí àkọ́kọ́ wúkọ́, ó sì dákẹ́. Èkejì dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń rú èéfín bí baba arúgbó tó ń fa ìkòkò tábà. Àwọn òyìnbó wá ránṣẹ́ pé Purofẹ́sọ̀ àwọn fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá fojú rí ẹ̀kẹta. Bí kò bá fò, wọ́n á yọ ọwọ́ wọn kúrò, ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ wa á sì tì.

"Kò tíì fò, Ìyá mi."

"Kí ló ń dúró dè?"

"Purofẹ́sọ̀ òyìnbó ni."

"Ẹyẹ tó bá fẹ́ fò kì í dúró de àlejò. Gbọ́ mi. Bí èyí ò bá fò, di ẹrù rẹ, kó o máa bọ̀ nílé. Bàbá Àkànbí ní kó o wá bá òun máa jó ilẹ̀kùn. Ó tó gẹ́ẹ́ tí èmi àti Enugu ti jọ ń pín ọmọ."

"Bó bá wá fò ńkọ́?"

Wáyà ń dún ṣàààà láàárín wa.

"Bó bá fò, kó o pè mí. Màá sọ ohun tí màá sọ."

Ẹ ò rí i? Gbogbo ayé mi wà lẹ́nu páìpù irin kan. Bó bá gbéra, mo lè gbàyè lẹ́nu ìyá mi kí n máa gbé Enugu mi lọ. Bó bá wúkọ́, ilẹ̀kùn Bàbá Àkànbí. Ẹ ò mọ Bàbá Àkànbí. Bó bá ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́, orin ló ń kọ, orin kan náà.

*

Ọjọ́ náà pé. Pápá kan lẹ́yìn ìlú ni wọ́n gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì sí, òkè yí i ká. Wọ́n ta kánópì sí apá kan fún àwọn àlejò. Ní apá kejì, lẹ́yìn àpò iyanrìn tí wọ́n tò jọ, Okoro jókòó ti bọ́tìnnì rẹ̀. Igbó kékeré kan wà láàárín òun àti kánópì, kò lè rí àwọn àlejò. Èmi nìkan ló lè rí ìhà méjèèjì, nítorí orí gegele ni mo dúró sí, lẹ́bàá ọ̀nà oko, pẹ̀lú àsíá pupa lọ́wọ́.

Ètò náà ò ṣòro. Níwọ̀n ìgbà tí àsíá mi bá wà lókè, Okoro ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Tí àdúrà, obì, àti ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ńlá bá parí, Dókítà á ju áńkáṣíìfù funfun sí mi láti kánópì. Èmi á wo ọ̀nà. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni tó ń kọjá, n ó sọ àsíá kalẹ̀, Okoro á sì tẹ̀ ẹ́.

Dókítà tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi létí láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, má sọ àsíá yẹn kalẹ̀ kí n tó ju áńkáṣíìfù."

Mo ní, "Sà, àfi bí wọ́n bá gé ọwọ́ mi."

Purofẹ́sọ̀ dé, obìnrin òyìnbó gíga kan tó dé fìlà fẹ̀ǹfẹ̀. Wọ́n jókòó. Alága kí àwọn ènìyàn, ẹlòmíràn kí alága, ẹnìkan tún dìde dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti kí. Oòrùn ń sun mí lórí gegele. Lẹ́yìn náà ni bàbá olóyè kan tó dé fìlà pupa gbé obì sókè láti súre sí i. Èdè Ìgbò ló fi ń súre, nítorí wọ́n ní obì kì í gbọ́ òyìnbó. Bó bá sọ ọ̀kan, gbogbo ènìyàn á dáhùn pé, "Iséè!" Ohùn bàbá náà dún dé ọ̀dọ̀ mi kedere. Mo sì mọ̀ pé obì lẹ́nu àgbà kì í tètè tán, mo bá ra ọwọ́ tó mú àsíá.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ṣé ibí lo ti ń ṣe iṣẹ́ ńlá?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá Reluwé ni! Mo ti sọ fún un nílé rẹ̀ pé ọjọ́ náà ni. Ó wé gèlè, ó gbé kúlà ìrẹsì sórí, ó ti gba ọ̀nà oko wá nítorí onítakisí tó gbé e ò mọ ẹnu ọ̀nà pápá.

"Ẹ kú ọ̀nà, Mà! Ẹ kú oòrùn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró níbẹ̀!"

Ó dúró níbẹ̀. Ó wo àsíá. Ó wo ọwọ́ mi kejì, èyí tí mo ń jù sí i kó kúrò lójú ọ̀nà.

"Hẹn-ẹ́n. Ọwọ́ lo tún nà sí mi lónìí."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Èmi ò ronú. Orúnkún mi ló ronú. Kí n tó mọ̀, mo ti wà nílẹ̀, àyà mi lu iyẹ̀pẹ̀ pupa, ọwọ́ méjèèjì mi nà síwájú, àsíá sì nà pẹ̀lú wọn.

Okoro rí i pé àsíá ti sọ̀. Okoro tẹ bọ́tìnnì.

Ohun tó dún lẹ́yìn èyí, n kò lè fi ẹnu sọ ọ́. Òkè dáhùn, ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ ikùn mi. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà ni ohùn Ìyá Reluwé lórí mi, ó ti di kúlà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì:

"Mo ní kó o kí mi ni, mi ò ní kó o yìnbọn!"

Rọ́kẹ́ẹ̀tì fò. Àní ó fò! Ó kọjá orí òkè, ó kọjá àwọn àṣá. Bàálù kan tó ń lọ sí Èkó yà fún un, awakọ̀ rẹ̀ sì ṣí fìlà. Apá kan rẹ̀ já bọ́ sínú oko ẹ̀gẹ́ kan, wọ́n sì rí i. Ẹ ti mọ ibi tí mo ní apá kejì lọ.

Dókítà sáré dé ọ̀dọ̀ mi kí n tó dìde, áńkáṣíìfù rẹ̀ ṣì wà nínú àpò bí wọ́n ṣe ká a.

"Ta ló ní kó o sọ àsíá kalẹ̀?"

"Sà, àgbà ló dé."

"Àgbà wo?"

Ìyá Reluwé ní, "Èmi ni. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Kí Dókítà tó lè sọ nǹkan mìíràn, Purofẹ́sọ̀ ti dé lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, fìlà rẹ̀ ti wọ́. Ẹ wò ó, mo ṣe tán láti gbọ́ orin Bàbá Àkànbí. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kánópì ni pé bàbá olóyè gbé obì sókè, ó ní, "Ohun tó bá fẹ́ gòkè, kó gòkè!" Bí wọ́n ṣe dáhùn "Iséè!" báyìí, rọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra. Bàbá náà ò tilẹ̀ mira. Ó wo obì, ó ní, "Ó gbọ́," ó sì ń súre rẹ̀ lọ.

Purofẹ́sọ̀ di ọwọ́ Dókítà mú. "Lórí ọ̀rọ̀ àdúrà gan-an! Ìgbà mélòó lẹ fi dánra wò kó tó bọ́ síra báyìí?"

Dókítà wò mí. Ó wo Ìyá Reluwé.

"Ó gbà wá lákòókò díẹ̀, Mà."

"Ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ yìí ńkọ́? Kí ló ń ṣe?"

Okoro ti dé nígbà náà. Ọ̀tá mi, ẹni tó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ tí mo débẹ̀. Ó wo ojú òyìnbó náà, kò rẹ́rìn-ín.

"Na safety, Ma. For our place, flag man must lie down."

Purofẹ́sọ̀ mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọgbọ́n ńlá. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé níbi tí wọ́n ti ń dán rọ́kẹ́ẹ̀tì wò lọ́dọ̀ wọn, gbogbo ẹni tó ń mú àsíá ló ń dojú bolẹ̀ báyìí, wọ́n sì ń sọ pé, "Ẹ kú oòrùn, Mà." Lábẹ́ kánópì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń jẹ ìrẹsì Ìyá Reluwé, Purofẹ́sọ̀ dìde, ó ní àwọn ò ní yọ ọwọ́ àwọn. Iṣẹ́ á máa lọ. Okoro fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Ófe Mmánụ, you don find wetin you lose?" Ìyá Reluwé bu ẹran mẹ́ta fún mi.

*

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ sílé tẹlifóònù. Mo ti ránṣẹ́ sí ìyá mi kó dúró dè mí. Mo wọ àpótí, mo pariwo.

"Ìyá mi! Ó fò!"

"Ó fò? Ó fò dé ibo?"

"Dé ibi tí ojú mi ò tó mọ́!"

Ìyá mi ní, "Ó dáa. Ilẹ̀ tó gba ọmọ mi láyà tí nǹkan fi gòkè, kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì mọ́. Máa gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n máa wálé wá jẹun."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé ilé ayé mi lé. Mo gbé Enugu títí irun mi fi dà bíi ti onílé mi. Ibẹ̀ ni mo ti gbéyàwó, ibẹ̀ ni mo bí ọmọ sí, Pidgin sì ni àwọn náà fi ń dá mi lóhùn. Ìgbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀ tí mo fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ohun tí ìyá mi sọ ni mo máa ń sọ fún un.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ kan fún yín. Àwọn àsọdùn ńláńlá tó wà nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ ti ṣà wọ́n sọnù fúnra yín bí ẹ ṣe ń kà á, n kò ka ìyẹn sí irọ́. Dídọ̀bálẹ̀ mi ṣẹlẹ̀. Àsíá sọ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì fò, wọ́n sì rí i nínú oko ẹ̀gẹ́. Okoro gbè mí lẹ́yìn. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù tí ẹ gbàgbọ́, òun sì ni irọ́.

Ìyá mi kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Bí mo ṣe ní, "Dé ibi tí ojú mi ò tó mọ́," wáyà já. Mo ń pariwo hẹ́lò títí obìnrin tó ń so wáyà fi kan àpótí, tó ní kí n jáde, ènìyàn ń dúró. Nígbà tí mo délé fún Kérésìmesì, ìyá mi gbé iyán fún mi, ó jókòó, ó ń wò mí bí mo ṣe ń jẹ. Kò sọ nǹkan kan nípa rọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí Enugu. Èmi náà ò bi í. Ọ̀rọ̀ tí mo fi sí i lẹ́nu, èmi ni mo rò ó jọ fúnra mi, bí mo ṣe ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé tẹlifóònù padà sí Awkunanaw.